Ẹ Jẹ́ Kí Alhaja Dìde Rìn: Ọ̀rọ̀ fún Ilé Tí Obìnrin Ti Ní Àrùn Ọkàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, inú ilé tiwa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Kò bu iyì kún mi rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti já sí kòtò rí ni ó yẹ kí ó júwe ibi tí kòtò wà fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí mo bá fi í pamọ́, ẹlòmíràn yóò ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe, ó sì lè jẹ́ pé tirẹ̀ kò ní ní àtúnṣe.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì ń pè ní Alhaja. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ó ń tà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń wọn kóńgò ní ọjà, owó kóńgò yìí ni ó sì fi rán ọmọ márùn-ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó tún fi lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ti sọ fún un tipẹ́ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ti kọ oògùn fún un. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ọjà wa ti ń ṣe, ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan ni ó ń rántí oògùn. Bí orí kò bá fọ́ ọ, oògùn di ti inú àpótí.

Ní oṣù Ràmàdánì ọdún 2022, a rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ó ní ìdúró ọjà ni ó fà á. A rí i pé kò lè sùn bí kò bá fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè. Ó ní ooru ni. Bí a bá ń kí ìrun àṣámù lálẹ́, tí ó bá fi orí kanlẹ̀, kò lè pẹ́ níbẹ̀. Yóò yára gbé orí sókè, yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó sáré gun òkè. Ó ní àgbà ni ó dé. Gbogbo àlàyé yìí ni àwa náà gbà gbọ́, nítorí pé obìnrin tí ènìyàn mọ̀ sí alágbára, a kì í tètè gbà pé ara rẹ̀ kò le.

Ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí ààwẹ̀ ti lé ní ogún, kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara bí ó ti yẹ mọ́, omi sì ti gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú fún ọdún púpọ̀ ni ó sọ ọkàn náà di bẹ́ẹ̀.

ÌKẸ́ TÍ A FI PA Á LÁRA

Ọlọ́hun ṣàánú wa, wọ́n fa omi náà gbẹ, ó sì padà wá sílé. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n dá ọjọ́ tí yóò padà wá fún un, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò sọ fún wa ohun tí ó lè fi ara rẹ̀ ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ní ibi tí kò ti sí àlàyé, èmi gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ilé ṣe òfin fúnra mi.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ gba orí àtẹ̀gùn, kò gbọdọ̀ fa omi, kò gbọdọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dìde kí àlejò. Orí ibùsùn ni oúnjẹ ń bá a, ibẹ̀ náà ni omi àlùwàlá ń bá a. Bí ó bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọ á kígbe pé, "Màmá, ẹ jókòó!" Mo rò pé ìfẹ́ ni, àwọn ènìyàn sì ń yìn mí pé mo tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí ó fi máa pé oṣù mẹ́ta, itan rẹ̀ ti gbẹ. Láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sinmi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè iye tí ẹ̀wà dé mọ́, òun tí ó jẹ́ pé bí owó ẹ̀wà bá lé ní náírà mẹ́wàá ní Kánò, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ní Adó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní: "Àbúrò mi, ẹ ti sin mí, ẹ kàn ń dúró kí n kú ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ọjọ́ tí a padà lọ rí dókítà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì darí wa sí ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń pè ní físíò. Obìnrin ni ẹni tí a bá níbẹ̀. Ó wo itan Alhaja, ó wo ojú wa, ó béèrè pé, "Ta ni ó ní kí Màmá máa dùbúlẹ̀?" Gbogbo wa wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn pé èmi ni. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, bí ẹ bá so ewúrẹ́ mọ́ igi fún oṣù mẹ́ta tí ẹ kò jẹ́ kí ó rìn, ọjọ́ tí ẹ bá tú u, ǹjẹ́ yóò lè sáré? Iṣẹ́ ni ọkàn ń ṣe, iṣẹ́ náà ni ẹsẹ̀ ń ṣe. Ẹsẹ̀ tí ó bá ti rọ a máa dá kún ẹrù ọkàn." Ó ní ìsinmi dára nígbà tí àìsàn gbóná, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ti rọlẹ̀, tí dókítà sì ti yọ̀ǹda, rírìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìmójútó jẹ́ ara oògùn.

ÀWỌN ÀGBÀ DÓKÍTÀ NÁÀ TI ṢE BẸ́Ẹ̀ RÍ

Mo wá lọ kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìtùnú díẹ̀ sì dé bá mi nígbà tí mo rí i pé àwọn tí ó gbọ́n jù mí lọ ti ṣe irú àṣìṣe kan náà. Kí ó tó di àwọn ọdún 1950, ẹni tí àrùn ọkàn bá kọlù ní Amẹ́ríkà tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, orí ibùsùn ni wọ́n ń fi sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1952, dókítà méjì ní ìlú Boston, Samuel Levine àti Bernard Lown, kọ̀wé pé àwọn gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jókòó sórí àga, ara wọn sì yá. Ní ọdún 1953, Dókítà Jerry Morris fi ìwádìí hàn ní London pé àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì, tí wọ́n ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, ń ní àrùn ọkàn ju àwọn tí ń gba owó ọkọ̀ lọ, àwọn tí ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, àrùn ọkàn kọlu Eisenhower, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Dókítà Paul Dudley White tí ó tọ́jú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó di ẹni orí ẹní. Ó mú un padà sí ìrìn àti iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà sì tún wọlé ìbò ní ọdún 1956. Nígbà tí ó di ọdún 1964, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìwé jáde lórí bí a ó ṣe máa mú ẹni tí ó ní àrùn ọkàn padà bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí. Awakọ̀, ọkùnrin ni. Agbowó ọkọ̀, ọkùnrin ni. Ààrẹ, ọkùnrin ni. Ó pẹ́ kí ojú tó kan àwọn obìnrin nínú ọ̀rọ̀ yìí, títí di òní náà sì ni ó rí bẹ́ẹ̀: káàkiri ayé, àwọn dókítà kì í darí obìnrin sí irú ìtọ́jú yìí tó bí wọ́n ti ń darí ọkùnrin, àwọn obìnrin tí wọ́n bá sì darí ni ó máa ń tètè dáwọ́ dúró. Nígbà tí àwọn oníwádìí ka gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2019, orílẹ̀-èdè 111 péré nínú 203 ni ó ní irú ìtọ́jú yìí rárá.

KÌ Í ṢE ÀÌSÀN ÒYÌNBÓ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsàn òyìnbó ni mo ń kà. Ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ènìyàn 452 tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 79 tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba ọkàn wọn jẹ́. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2012 ka aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nǹkan bí ìdajì wọn ni obìnrin, ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún 52 bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ̀yin ará ọjà, ẹni ọdún 52 kì í ṣe arúgbó. Ìgbà tí ọjà ń gbóná lọ́wọ́ ẹni nìyẹn, tí ọmọ ń bẹ ní yunifásítì.

Kì í tilẹ̀ ṣe àwọn ìyá àgbà nìkan. Oríṣi kan wà tí ó máa ń mú ọ̀dọ́mọbìnrin láti oṣù tí ó kẹ́yìn oyún títí di oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ọkàn yóò rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò wú, ìyá ọmọ kò ní lè sùn ní ìdùbúlẹ̀, àwọn ará ilé yóò sì ní ara ìbímọ ni. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ọkàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamilu Karaye ti Kánò wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn, gbé àkọsílẹ̀ ìyá 244 jáde láti ilé ìwòsàn 14 ní Nàìjíríà. Ará Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò mọ ààlà. Ìyàwó yín tí ó bá bímọ, tí ó ń mí hẹlẹ lóru, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ara rẹ̀ bá sì yá, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó gbèrò oyún mìíràn.

SAFA ÀTI MARUWA NÍNÚ Ọ̀DẸ̀DẸ̀

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú Alhaja rèé. Wọ́n kọ́kọ́ wọn bí agbára rẹ̀ ti mọ. Wọ́n mú un lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, wọ́n wọn mítà 30, wọ́n gbé àga sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé òmíràn sí ìparí. Wọ́n ní kí ó máa rìn láti àga dé àga fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó dúró, bí ó bá tún lè rìn, kí ó máa lọ. Ìwọ̀n yìí kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Aago àti ilẹ̀ títẹ́jú ti tó. Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lò ó láti wọn agbára àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2010.

Alhaja wo àga méjì náà, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Safa nìyí, Maruwa nìyẹn." Ẹni tí ó bá ti lọ sí Mẹ́kà mọ ohun tí ó wí. Mítà 170 ni ó rìn lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì dúró sinmi. Obìnrin tí ó ti rìn tó kìlómítà mẹ́ta láàárín Safa àti Maruwa rí! Mo yí ojú sí ògiri kí ó má baà rí omi ojú mi.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n to ètò ọ̀sẹ̀ 12 fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni yóò wá, wọn ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó rìn àti lẹ́yìn tí ó bá rìn. Ní àwọn ọjọ́ yòókù yóò máa rìn nílé: ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó máa fi díẹ̀ kún un. Wọ́n kọ́ ọ láti máa jókòó kí ó sì máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í. Aṣọ rẹ̀ àti ìbòrí rẹ̀ ni ó wọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó bọ́ wọn.

Bí ó bá béèrè pé báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ bí ìrìn náà bá ti le jù, èsì wọn ni pé bí ó bá ń rìn tí ó ṣì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó dára. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ó ti pọ̀ jù. Alhaja sọ ọ́ di tiwa. Ó ń ṣe tàsíbíhù bí ó ti ń rìn. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ń já gbà lórí "Subhanallah", yóò dẹ ẹsẹ̀.

Ìrìn nìkan kọ́ ni ètò náà. Wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ oògùn, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dà bí owó àjọ: ẹni tí ó bá ń dá a lójoojúmọ́ ni yóò rí i kó níparí oṣù. Wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ iyọ̀, pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó ṣíbí tíì kan, àti pé iyọ̀ wà nínú màgí, ohun tí ó dà bí iyọ̀ sì wà nínú kán-ún tí a ń fi se ẹ̀wà àti ewédú. Wọ́n ní kí ó máa gun orí ìwọ̀n láràárọ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi kílò 2 lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni ó ń padà bọ̀, kí ó tètè wá. Ọlọ́jà ni, ó mọ ìwúlò òṣùwọ̀n. Wọ́n tún kìlọ̀ fún un pé iyán gígún ju ìrìn lọ fún ọkàn, nítorí ẹni tí ń gún iyán a máa gbé apá sókè, a sì máa dá èémí dúró. Àwa ará Èkìtì kò lè fi iyán sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọmọ odó ti di ti àwọn ọmọkùnrin ilé wa.

OHUN TÍ Ó FẸ́ DÁ A DÚRÓ

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Alhaja kò lọ mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìyá ọmọ ń lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò dúró ti ọmọ bí kò ṣe ìyá àgbà? Owó ọkọ̀ tún gbówó lórí. Kò fẹ́ sọ fún mi, nítorí ó ní òun ti ná mi tó. Ibí ni mo ti wá rí ìdí tí àwọn obìnrin fi ń dáwọ́ dúró. Bí ọkùnrin bá ń ṣàìsàn, gbogbo ilé a di olùtọ́jú rẹ̀. Bí obìnrin bá ń ṣàìsàn, a ó fi í sórí ibùsùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lè dìde, iṣẹ́ ilé ni a ó kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù ni ó gbà á là. Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n wá sí ilé ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìyá Àdínnì wọn ní, "Alhaja, ṣé ìrìn ni wọ́n ní kí ẹ máa rìn? A ó bá yín rìn." Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí oòrùn tó mú, obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ń bá a rìn lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó tẹ́jú, nítorí pé Adó wa kún fún òkè. Ẹnì kan ń mú aago lọ́wọ́. Wọ́n pín ọjọ́ tí wọn ó fi máa dúró ti ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n sì ń mú owó ọkọ̀ rẹ̀ nínú àpótí ẹgbẹ́. Kò tó oṣù kan tí méjì nínú àwọn tí ń bá a rìn fi lọ wọn ẹ̀jẹ̀ tiwọn, wọ́n sì bá a pé ó ga.

Àwọn kan kò fara mọ́ ọn. Àgbà méjì nínú ìjọ wá bá lèmọ́mù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé kò bójú mu kí àwọn obìnrin máa rìn kiri ní ìdájí. Mo wà níbẹ̀. Lèmọ́mù wa fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ẹsẹ̀ ta ni gbogbo alálájì ayé ń tọ̀ láàárín Safa àti Maruwa?" Wọ́n ní ti Hájárà ni, ìyá Ànábì Ìsìmáílà. Ó ní, "Obìnrin tí ó ń wá ìyè kiri fún ọmọ rẹ̀, tí ó rìn lẹ́ẹ̀méje, Ọlọ́hun sọ ìrìn rẹ̀ di ìjọsìn fún ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn ìyá wa yìí, ìyè ni wọ́n ń wá kiri." Ó tún rán wọn létí Rufaidah ará Mẹ̀dínà, tí ó pa àgọ́ ìtọ́jú sí ìtòsí mọ́sáláṣí Ànábì, níbi tí wọ́n gbé Saadu ọmọ Muaadhi lọ nígbà tí ó fara gba ọgbẹ́ ní Ogun Kòtò. Ó ní bí mọ́sáláṣí Ànábì bá gba aláìsàn, tiwa kò gbọdọ̀ lé wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹnu pa mọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, Alhaja rìn mítà 310 ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sì dúró. Kò rí ìwòsàn tán pátápátá; oògùn rẹ̀ kù tí yóò máa lò, bóyá títí ayé. Ṣùgbọ́n ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń jókòó wọn kóńgò, ọmọkùnrin kan ni ó ń gbé àpò. Ní mọ́sáláṣí, ó ti kúrò lórí àga, ó ń dúró kí ìrun, ó sì ń fi orí kanlẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A MÚ LỌ SÍLÉ

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí n tó kógbá wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ìwé ìròyìn kí ó sì lé ìyá rẹ̀ jáde sí pápá lọ́la. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ń mí hẹlẹ ní ìjókòó, ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí òòyì ń kọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, kì í ṣe pápá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń dá aláìsàn yín sílẹ̀, ẹ má ṣe gba oògùn kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí wọn bí a ti ṣe. Ẹ béèrè pé: kí ni ó lè fi ara rẹ̀ ṣe? Ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn? Ǹjẹ́ ẹ ó darí wa sí físíò? A kò ṣàìní ilé ìwòsàn ńlá ní Èkìtì: ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti Afẹ́ Babalọlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017 wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹnu ni a fi ń béèrè ọ̀nà.

Ní ti ìjọsìn, ẹ̀sìn wa kì í ṣe ìnira. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti sọ fún Imrana ọmọ Husaini nínú àìsàn rẹ̀ pé kí ó kí ìrun ní ìdúró, bí kò bá lè ṣe é kí ó jókòó, bí kò bá tún lè ṣe é kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kí ó ṣínu, kí ó san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá ní lè gbà á mọ́ láéláé, kí ó máa bọ́ tálákà. Ẹni tí ń lo oògùn ọkàn, kí ó rí dókítà rẹ̀ kí oṣù Ràmàdánì tó lé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti ṣubú.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àbúrò bíi tèmi, bí ìyá ilé bá ń sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta, bí ó bá ń yára gbé orí kúrò nílẹ̀ nínú ìrun, ẹ má ṣe gba àlàyé rẹ̀. Bí ó bá sì ti ilé ìwòsàn dé, ẹ má ṣe fi ìfẹ́ dè é mọ́ ibùsùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàlátù gbogbo, ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, ẹ wo àyè tí ó ṣófo láàárín yín. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ sì bá a rìn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó má ṣe fi ìfẹ́ wa pa wá lára. Àmín. Mà salámù.